Bí Ẹ Ṣe Lè Wo Ọmọ Ọ̀bọ Nínú Igbó Ẹ̀gbà ní Bako

Ẹni tó bá wọ igbó ẹ̀gbà láti wo ọmọ ọ̀bọ, ìyá rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ tẹjú mọ́. Ọmọ kò mọ̀ ju kó fò, kó já, kó fa ẹgbẹ́ rẹ̀ nírù lọ. Ìyá ló mọ ìgbà tí èèyàn ti sún mọ́ wọn jù. Bí ìyá bá ń jẹun tàbí tó ń tòògbé, ibi tí ẹ wà dára. Àmọ́ bó bá dáwọ́ oúnjẹ dúró, tó wò yín lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, tó sì nawọ́ fa ọmọ mọ́ àyà, a jẹ́ pé ẹ̀yin ni wọ́n ń wò báyìí. Ohun yòówù tí ẹ bá kọ sílẹ̀ lásìkò yẹn, ìwà ọ̀bọ níwájú àlejò ni, kì í ṣe ìwà ọ̀bọ nínú igbó.

Bako la óò fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọgbà ìjọba ni, ní ìpínlẹ̀ Sarawak lórílẹ̀-èdè Malaysia, ní erékùṣù Borneo. Ọdún 1957 ni wọ́n yà á sọ́tọ̀, òun ló sì pẹ́ jù nínú irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ní Sarawak. Kò tóbi, hẹ́kítà 2,727 péré ni. Fún ẹni tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ rí, igbó ẹ̀gbà ni igbó etí òkun níbi tí omi iyọ̀ àti omi odò ti ń pàdé, tí àwọn igi kan ń fi gbòǹgbò dúró lókè ẹrẹ̀ bí ẹni tó gun àgéré. Ohun tó mú Bako dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí ni pé irú ọ̀bọ mẹ́ta ló ń wá sí igbó ẹ̀gbà ibẹ̀, àwọ̀ tí wọ́n sì fi ń bí ọmọ wọn yàtọ̀ pátápátá sí ti àgbà. Láti òkèèrè, ẹ lè mọ ọmọ tuntun yàtọ̀ sí ọmọ tó ti ń dàgbà.

Ẹ fi àwọ̀ mọ ọjọ́ orí

Ọ̀bọ onímú gígùn, tí àwọn pátákó ibẹ̀ ń pè ní proboscis monkey, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń torí rẹ̀ rin ìrìn-àjò yìí. Borneo nìkan ló wà ní gbogbo ayé. Akọ àgbà lè wúwo tó kílò 20, imú rẹ̀ a sì rọ̀ bo ẹnu. Abo kò ju bí ìdajì rẹ̀ lọ. Ọmọ tuntun a máa ní ojú aláwọ̀ aró, irun ara rẹ̀ a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Bó bá fi máa di bí oṣù mẹ́ta, aró yẹn ti ń di eérú. Tó bá fi máa tó bí oṣù mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, ojú rẹ̀ ti pọ́n bíi ti ìyá rẹ̀. Nítorí náà ìlànà tó rọrùn nìyí: ojú aláwọ̀ aró, kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ojú eléérú, ó wà láàárín, ojú pípọ́n lára ọ̀bọ kékeré, ó ti ń lọ sí bí ọmọ ọdún kan tàbí ó ti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe fi imú mọ akọ lára ọmọ o. Imú abo àti ti ọmọ kéékèèké rí bákan náà, ó kéré, ó sì yọ sókè.

Ọ̀bọ onírun fàdákà, ìyẹn silvered langur, ló máa ń jẹ́ kí èèyàn lanu sílẹ̀. Àgbà wọn dúdú rẹ́súrẹ́sú mọ́ eérú, ọmọ wọn sì rí bí òròmbó tó pọ́n, pupa rẹ̀ ń tàn láàárín ewé. Láàárín oṣù mẹ́ta sí márùn-ún ni irun yẹn ń yí padà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé ọmọ yìí kì í dúró lọ́wọ́ ẹnì kan. Àwọn abo inú agbo a máa gbé e fún ara wọn, tó fi jẹ́ pé láàárín wákàtí kan, ó lè ti bọ́ sọ́wọ́ abo mẹ́ta. Ẹni tó gbé e lẹ́sẹ̀ kan náà tí ẹ dé ibẹ̀ kọ́ ni kí ẹ kọ sílẹ̀ bí ìyá. Ìyá ni ẹni tí ọmọ náà bá ń mu ọmú rẹ̀, tí ẹ kò bá sì tíì rí i kí ó mu ọmú, ẹ kọ "olùgbé" sí i.

Ọ̀bọ onírù gígùn, long-tailed macaque, ló pọ̀ jù, òun náà ló sì lè dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ọmọ tuntun rẹ̀ dúdú, ojú rẹ̀ pọ́n. Láti bí oṣù kejì tàbí ìkẹta ni irun dúdú yẹn ti ń di ti àgbà.

Ìmọ́lẹ̀ a máa tan ojú jẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, ojú aláwọ̀ aró àti ojú eléérú ò ṣeé mọ̀ yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀bọ yòówù tó bá ní ojú ọ̀run lẹ́yìn a di òjìji dúdú. Bí ẹ ò bá rí àwọ̀ dáadáa, ẹ fi àyè ọjọ́ orí sílẹ̀ lófìfo.

Bí ẹ ṣe máa dé ibẹ̀

Kuching ni ìlú tó sún mọ́ ọn jù, kò tó 40 kìlómítà. Ẹ óò wọ ọkọ̀ dé abúlé Bako, kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú omi fún bí 20 sí 30 ìṣẹ́jú dé Telok Assam, níbi tí ọ́fíìsì ọgbà wà. Ẹni tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà kò gbọdọ̀ gbàgbé yẹ́lò kádì, nítorí Malaysia ń béèrè rẹ̀. Wọ́n á tún yẹ páṣípọ́ọ̀tù wò ní Kuching bí ẹ tilẹ̀ gba Kuala Lumpur wọlé.

Ẹ sun ibẹ̀. Àwọn tó ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ lọ́jọ́ kan náà a máa kúrò lọ́sàn-án nítorí ọkọ̀ ojú omi, ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ti lọ tán gan-an sì ni àwọn onímú gígùn ń jáde bọ̀ wá sí etí omi. Yàrá ibẹ̀ kò pọ̀, kí ẹ tètè gbà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì ni òjò ń rọ̀ jù, ìgbì òkun a le, ọkọ̀ lè má gbéra rárá.

Ohun tí ẹ óò kó dání

Awò ọ̀nà-jíjìn olójú méjì, 8x42. Ẹ má ra 10x42 torí pé nọ́ńbà rẹ̀ tóbi jù; ọwọ́ a máa gbọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ojú ibi tó ń rí kò sì fẹ̀ tó, ọmọ ọ̀bọ a fò kúrò nínú rẹ̀ kí ẹ tó mọ̀. Pẹ́ńsùlù méjì, nítorí bírò kì í kọ sórí ìwé tó ti rin. Ìwé kékeré tí ọwọ́ kan lè dì mú. Aago ọwọ́ tó ń fi ìṣẹ́jú hàn, kí ẹ má baà máa yọ fóònù lápò ní gbogbo ìgbà. Omi lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí ooru ibẹ̀ kì í ṣe eré. Aṣọ alápá gígùn tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ewé tàbí ilẹ̀, òróró tó ń lé ẹ̀fọn, àti ìbòmú.

Nípa ìbòmú: àìsàn wa ń ran ọ̀bọ. Ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe tàbí tó ń wúkọ́, kó jókòó sí yàrá lọ́jọ́ yẹn. Ikọ́ tí èèyàn fi ọjọ́ mẹ́ta rí, ó lè wu ọmọ ọ̀bọ léwu.

Kámẹ́rà dára bí lẹ́ńsì rẹ̀ bá tó 300 mm. Ẹ pa iná rẹ̀. Ohun kan tí àwọn èèyàn kì í rò ni báàgì: ohunkóhun tí ẹ bá dì sínú ọ̀rá tó ń dún, ẹ tú u sínú àpò aṣọ. Onírù gígùn ti mọ̀ pé ọ̀rá tó bá dún, oúnjẹ ló wà níbẹ̀.

Òkun ló ń pín àkókò

Ìkún àti ìfà òkun ni aago igbó ẹ̀gbà, ẹni tí kò bá kà á yóò máa jókòó níbi tí ọ̀bọ kò sí. Ẹ wá ìwé àkókò òkun ti Kuching kí ẹ tó dé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òkun ń kún lójoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fà, lójoojúmọ́ ló sì ń pẹ́ sí i ní nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú. Ìyàtọ̀ láàárín ìkún àti ìfà ní agbègbè yẹn lè ju mítà mẹ́rin lọ. Bó bá fà tán, ọkọ̀ lè má lè dé èbúté, ẹ óò sì bọ́ bàtà gba inú omi dé etíkun.

Nígbà tí omi bá fà, onírù gígùn ń sọ̀kalẹ̀ sórí ẹrẹ̀ láti mú akàn, àwọn ọmọ wọn a sì tẹ̀lé wọn. Ìgbà yìí ló dára jù láti rí bí ọmọ ṣe ń kọ́ oúnjẹ wíwá: a jókòó ti àgbà tó ń fọ́ akàn, a máa wo ọwọ́ rẹ̀, a sì ṣa èyí tó bọ́ sílẹ̀. Onímú gígùn náà a máa fi ẹsẹ̀ rìn lórí ẹrẹ̀ láti igi kan dé èkejì bí omi bá ti lọ, ọmọ a sì lẹ̀ mọ́ ìyá lábẹ́ ikùn. Bí omi bá kún, orí igi ni gbogbo wọn. Ẹ ò ní rí ìrìn mọ́, ṣùgbọ́n ẹ óò rí eré ọmọdé àti ọmú mímu dáadáa, nítorí agbo ti jókòó sójú kan.

Oòrùn ibẹ̀ ń yọ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ó sì ń wọ̀ ní bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, jálẹ̀ ọdún. Ẹ wà ní ìjókòó kí oòrùn tó yọ títí di aago mẹ́sàn-án, kí ẹ padà wá láti aago mẹ́rin títí ilẹ̀ ó fi fẹ́ ṣú. Ọ̀sán gangan kò ní nǹkan. Wọ́n ń sinmi láti jẹ́ kí ewé dà nínú wọn, ẹ̀yin náà ẹ lọ sùn. Ọjọ́ tí omi bá fà ní àárọ̀ kùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́ ni ọjọ́ tó dára jù nínú gbogbo rẹ̀.

Afárá pákó tó gba inú igbó ẹ̀gbà Telok Assam kọjá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà ẹsẹ̀ Telok Delima àti ti Telok Paku, tí ìkọ̀ọ̀kan kò ju bíi kìlómítà kan lọ, ni wọ́n mọ̀ fún onímú gígùn.

Bí ẹ óò ṣe jókòó

Ẹ dé ibẹ̀ ṣáájú ọ̀bọ. Agbo tó bá bá yín níbi tí ẹ jókòó sí, ó ti gba yín bí apá kan ibẹ̀. Agbo tí ẹ bá wọ́ tọ̀ lọ, ẹ̀rù ni yóò kọ́kọ́ bà á. Ẹ yan ibi tí oòrùn wà lẹ́yìn yín, tó tó 20 sí 30 mítà sí igi tí ẹ rò pé wọ́n ń bọ̀ wá. Ẹ má jókòó sábẹ́ igi náà, nítorí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ń bọ̀, ẹ̀ka náà sì ń já. Ẹ má kúrò lórí afárá tàbí ojú ọ̀nà bọ́ sórí ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ yẹn lè gbé èèyàn dé orúnkún, àwọn gbòǹgbò ṣóṣóró tó yọ sókè nínú rẹ̀ sì ni igi fi ń mí. Ẹsẹ̀ yín ló máa ṣẹ́ wọn. Ọ̀nì wà nínú omi Bako pẹ̀lú, wọn kì í sì í lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀.

Kí ẹ tó fi ọwọ́ ti ara igi tàbí irin afárá, ẹ wò ó. Ejò olóró aláwọ̀ ewé kan wà níbẹ̀ tó lè dúró lójú kan fún ọjọ́ mélòó kan láì mira.

Etí ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ wọn. Ẹ̀ka a gbọ̀n gìrìgìrì, ewé a já, akọ onímú gígùn a sì fi imú kọ ohùn kan tó wúwo. Ẹ má dìde. Ẹ má fi ìka nà wọ́n. Ẹ fi ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ka agbo: akọ mélòó, abo mélòó, ọmọ mélòó. Agbo onímú gígùn a máa ní akọ àgbà kan ṣoṣo pẹ̀lú abo mélòó kan àti ọmọ wọn. Bó bá jẹ́ pé akọ nìkan lẹ ń rí, agbo àpọ́n ni. Ẹ ò ní rí ọmọ ọwọ́ níbẹ̀, kí ẹ wá ibòmíràn lọ. Ìgbà tí wọ́n bá ń fò láti igi kan sí èkejì ní ìkọ̀ọ̀kan ló rọrùn jù láti kà wọ́n. Kíkà nígbà tí wọ́n jókòó sínú ewé ló ń jẹ́ kí èèyàn ka ọmọ kan lẹ́ẹ̀mejì.

Mítà mẹ́wàá ni òpin, ẹ má kọjá rẹ̀. Bí ọ̀bọ fúnra rẹ̀ bá ń bọ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ fà sẹ́yìn. Àmì tó fi hàn pé ẹ ti ṣe àṣejù ń tẹ̀lé ara wọn báyìí: ìyá dáwọ́ jíjẹ dúró, ó fa ọmọ, ó yí ẹ̀yìn sí yín, akọ ké, ó sì mi ẹ̀ka tìbínú-tìbínú. Ní àmì kejì ni kí ẹ ti lọ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, láì sáré. Bí agbo bá ti sá, ẹ má tẹ̀lé e. Ìyá tó ń sá pẹ̀lú ọmọ láyà a máa fo àlàfo tí kò yẹ kó fò, ibẹ̀ ni ọmọ ti ń já bọ́.

Kíkọ sílẹ̀

Ọmọ kan, ìṣẹ́jú 20. Ọ̀nà tí Jeanne Altmann, onímọ̀ ìwà ẹranko ará Amẹ́ríkà, tò lẹ́sẹẹsẹ ní 1974 nìyí, àwọn onímọ̀ ẹranko sì ń lò ó títí di òní. Ẹ yan ọmọ kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì yan èyí tó ń ṣe gúdúgúdú jù, torí bí ẹ bá ń yan aláré nígbà gbogbo, ìwé yín yóò sọ pé gbogbo ọmọ ọ̀bọ kì í sinmi. Ẹ ka àwọn ọmọ láti apá òsì sí ọ̀tún, kí ẹ mú ìkejì lónìí, ìkẹta lọ́la.

Bí aago bá ti kan ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé ojú sókè, ẹ kọ nǹkan méjì: bí ọmọ ṣe jìnnà sí ìyá, àti ohun tó ń ṣe gan-an lójú ẹsẹ̀ yẹn. Fún ìjìnnà, A ni pé ó fara kan ìyá. B, ibi tí ọwọ́ ìyá lè tó. D, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ ṣùgbọ́n kò ju mítà márùn-ún. E, ó ju mítà márùn-ún. Fún ìṣe, ọ̀rọ̀ kan tó: ọmú, ewé, eré, oorun, ìrìn. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ kọ àmì ìbéèrè. Ojú ìwé kan a máa rí báyìí:

6:41, A, ọmú
6:42, A, ọmú
6:43, ?
6:44, B, eré (fa ìrù ọmọ eléérú)
6:45, D, eré
6:46, A, ìyá fà á padà, akọ ké

Àmì ìbéèrè yẹn ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lọ. Ẹni tó bá fò ó yóò kọ kìkì ìgbà tí ọmọ jáde sí gbangba, ìgbà eré sì nìyẹn. Nígbà ìṣirò, kìkì ìlà tí ẹ ti rí ọmọ ni kí ẹ fi pín. Bí ìlà bá jẹ́ 20, tí mẹ́jọ jẹ́ àmì ìbéèrè, tí márùn-ún jẹ́ ọmú, ìdá márùn-ún nínú méjìlá ni ọmú, kì í ṣe márùn-ún nínú ogún. Bí àmì ìbéèrè bá ju ìdajì lọ, ẹ sọ ojú ìwé náà nù, kò wúlò.

Ẹ kọ ohun tí ojú rí, ẹ má kọ ohun tí ọkàn rò. "Ó ń bínú" kò sí nínú ìwé. "Ó la ẹnu, eyín hàn, ó fà sẹ́yìn" ló yẹ. Onírù gígùn tó bá fi eyín hàn ń bẹ̀rù tàbí ó ń kìlọ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà, ẹ má rẹ́rìn-ín sí i, ẹ má sì tẹjú mọ́ ọn. Ìjà nìyẹn lójú rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ dánra wò kó tó ná owó ọkọ̀ òfuurufú, tó sì wà ní Èkó, kó lọ sí Lekki Conservation Centre, tí Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní 1990. Igbó àbàtà ló wà níbẹ̀, ọ̀bọ mona sì ń rìn kiri. Wọ́n ti mọ èèyàn jù, kò ṣeé fi kọ́ nípa ẹ̀rù, àmọ́ ó tó fi kọ́ bí a ṣe ń kọ ìlà kan láàárín ìṣẹ́jú kan láì sọ ọmọ nù. Ohun tó le jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn.

Bí nǹkan bá dàrú

Ní etí ilé oúnjẹ Bako, onírù gígùn a máa ṣí síìpù báàgì, a sì já nǹkan gbà. Bó bá ti di nǹkan mú, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Fífà á padà ló ń fa ìgéjẹ. Bí ọmọ rẹ̀ bá rìn wá bá yín, ẹ dìde jẹ́jẹ́, ẹ wo ibi tí ìyá wà, kí ẹ sì kúrò láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ má fún ọ̀bọ kankan lóúnjẹ. Ikùn onímú gígùn ń fi kòkòrò àìfojúrí po ewé kó tó dà, èso dídùn tó pọ́n a máa wú u nínú, ó lè pa á. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kì í ṣe ẹ̀bùn.

Bí ọ̀bọ bá gé èèyàn jẹ tàbí ó ya á lára, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, bó ti wù kí ojú ọgbẹ́ náà kéré tó. Àrùn dìgbòlugi wà ní Sarawak láti 2017. Ibà ọ̀bọ náà wà níbẹ̀: Kapit ní Sarawak ni wọ́n ti fi hàn ní 2004 pé irú ibà tí ẹ̀fọn ń gbà lára ọ̀bọ ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí ibà bá mú yín láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ padà dé, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ wọ igbó ọ̀bọ, nítorí lábẹ́ awò tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó jọ irú ibà mìíràn tí kò le tó o, ó sì ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ ní wákàtí 24-24.

Ọmọ ọ̀bọ tí ẹ bá rí lórí ilẹ̀ lóun nìkan, ẹ má gbé e. Ìyá lè wà lórí igi tó ń dúró kí ẹ lọ. Ẹ fà sẹ́yìn, kí ẹ sì sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan náà ni kí ẹ da ìwé yín kọ sórí èyí tó mọ́, kí òógùn tó pa àmì pẹ́ńsùlù rẹ́. Kí ẹ tó gbé fọ́tò sórí Facebook, ẹ yọ àmì ibi tí ẹ ti yà á kúrò nínú rẹ̀. Àwọn tó ń ta ọmọ ọ̀bọ fún sísìn a máa pa ìyá kí wọ́n tó rí ọmọ gbà, ibi tí agbo ń sùn sì ni wọ́n ń wá.